Báwo ni àwọsánmà ṣe ga tó lórí ilẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Abẹ́òkúta

Ìtokú ni wọ́n bí mi sí, láàárín ìkòkò aró àti àdìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn. Iṣẹ́ aláró kò ṣeé ṣe láìwo ojú ọ̀run. Kí ìyá mi tó ká aṣọ kankan jáde láàárọ̀, á kọ́kọ́ bọ́ síta, á gbójú sókè, á sì dákẹ́ díẹ̀. Jọ́gíráfì ni èmi ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ kíláàsì mi, àwọn òbí wọn àti àwọn oníbàárà ìyá mi máa ń bi mí jù.

Ohun tó mú mi kọ wọ́n sílẹ̀ ni ìwé kan tí wọ́n fún wa lò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ó wà níbẹ̀ pé àwọsánmà wà ní kìlómítà méjì sókè, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ọmọ há a sórí, wọ́n kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n gba máàkì. Ó dùn mí dọ́kàn, torí pé gíga àwọsánmà kì í dúró sójú kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ pàápàá, ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lásán sì lè mọ ìdí rẹ̀.

Ní kúkúrú, báwo ló ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó?

Kò sí iye kan ṣoṣo. Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ ń fara kanlẹ̀. Orí èyí tó ń mú ìjì àti àrá wá lè dé kìlómítà 18 ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ pín wọn sí ìpele mẹ́ta. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ títí dé kìlómítà 2, ti àárín láti 2 dé 8, ti òkè láti 6 dé 18. Ẹ ó rí i pé ti àárín àti ti òkè wọnú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọ̀run rí, kò sẹ́ni tó fa ìlà síbẹ̀. Ní ilẹ̀ olótùútù tó wà ní ìpẹ̀kun ayé, ti òkè ti ń bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 3, kì í sì í kọjá 8, torí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó sún kì, kò wú sókè tó tiwa.

Àwọn tí à ń rí ní Abẹ́òkúta lọ́sàn-án ọjọ́ tó dáa, àwọn funfun bí òwú tó ń rọra kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí wọn sábà máa ń wà láàárín mítà 500 sí 1,500.

Ta ló ń sọ ibi tí àwọsánmà yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀ ni. Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ojú wa ni kò rí i. Ẹ mú píọ̀ wọ́tà tó tutù nini jáde láti inú fíríìjì, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Kò ní pẹ́ tí ara ọ̀rá náà yóò máa làágùn. Omi yẹn kò jò láti inú ọ̀rá, ara afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ti wá. Afẹ́fẹ́ tó gbóná ń gba omi púpọ̀ mọ́ra. Bó bá ṣe ń tutù ni agbára rẹ̀ ń dín kù, títí yóò fi dé ibi tí kò ti lè gbé e mọ́, tí yóò wá sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ìrì ṣe ń sẹ̀ lórí ewé nìyẹn. Ìwọ̀n òtútù tí ìyẹn fi ń ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń pè ní ìwọ̀n ìrì, mo sì máa lò ó láti ibí lọ.

Ní báyìí, oòrùn ràn mọ́ ilẹ̀. Àpáta gbóná, páànù òrùlé gbóná, títì gbóná, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ wọn náà gbóná, ó fúyẹ́, ó gbéra. Bó ṣe ń gòkè ni ẹrù afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ń dín kù. Ó ráyè, ó wú, wíwú tó wú yẹn ló sì ń mú kó tutù.

Ibí yìí làwọn ènìyàn ti máa ń jà mí níyàn. Wọ́n ní oòrùn wà lókè, kí ló dé tí òkè ò gbóná ju ilẹ̀ lọ? Ibi fọ́kánáísà ni mo máa ń rán wọn lọ. Tó bá ń fi póńpù ọlọ́wọ́ fún táyà kẹ̀kẹ́, ẹ fọwọ́ kan ìdí póńpù náà: ó gbóná. Tó bá tẹ ẹnu táyà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ẹ fi ìka síbẹ̀: ó tutù. Kò sí yìnyín nínú táyà. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló ń gbóná, èyí tó ráyè wú ló ń tutù. Afẹ́fẹ́ tó gbéra láti orí páànù Ìtokú ń pàdánù nǹkan bíi 10°C nínú kìlómítà kan tó bá gùn.

Yóò máa lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù dé ìwọ̀n ìrì rẹ̀. Ibi tó bá ti bá a, ibẹ̀ ni ìdí àwọsánmà. Tó bá jẹ́ pé omi púpọ̀ ló gbé láti ilẹ̀, kò ní lọ jìnnà kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ló gbé, yóò rin ìrìn gígùn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ilẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Ohun tí afẹ́fẹ́ gbé nísàlẹ̀ ló ń sọ ibi tí yóò ti sọ ọ́ lókè.

Ó ku ohun kan. Omi kì í ṣàdédé di ẹ̀kán nínú afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mọ́. Ní 1875, Paul-Jean Coulier ní ilẹ̀ Faransé rí i pé afẹ́fẹ́ tí a ti yọ eruku inú rẹ̀ kúrò kì í mú ìkùukùu jáde bí èyí tó ní eruku. John Aitken ní Skọ́tílàǹdì náà tún ṣe irú àyẹ̀wò yìí láìpẹ́ sígbà náà. Lórí wa níbí, iyọ̀ tí ìgbì òkun fọ́n sínú afẹ́fẹ́, èéfín igi ìdáná àti eruku ọ̀nà ni omi ń dì mọ́. Èéfín tó ń jáde lábẹ́ ìkòkò aró ìyá mi wà lára wọn.

Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí orí rẹ̀ sì rí gúlegùle?

Torí pé afẹ́fẹ́ tó gbéra láti àdúgbò kan náà sábà máa ń gbé ìwọ̀n omi kan náà, ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò ti dé ìwọ̀n ìrì. Ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn ni ojú ibi tí omi tí a kò rí ti di èyí tí a rí. Ẹ gun Olúmọ lọ́jọ́ tí àwọsánmà òwú bá wà, kí ẹ wo ọ̀nà jíjìn. Ẹ ó rí i pé ìdí gbogbo wọn tò sórí ìlà kan ṣoṣo, àfi bí ìgbà tí wọ́n tò wọ́n sórí dígí. Orí wọn ló yàtọ̀, torí pé ibi tí agbára kálukú gbé e dé ló dúró sí.

Ṣé mo lè ṣírò gíga rẹ̀ nílé?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọ mi sì fẹ́ràn èyí ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Ohun tí ẹ nílò ò ju tẹmómítà kan, agolo mílíìkì tí a ti ya bébà ara rẹ̀ kúrò, omi, àti yìnyín díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn bí ìta ṣe gbóná tó lábẹ́ ibòji, kì í ṣe nínú oòrùn. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sínú agolo, ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa ju yìnyín sí i ní wẹ́wẹ́wẹ́, kí ẹ sì máa fi ṣíbí rò ó. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà lára agolo. Ní àkọ́kọ́ yóò máa dán gbinrin. Yóò wá di ìgbà kan tí dídán yẹn yóò ṣú, bí ìgbà tí ènìyàn mí ooru ẹnu sí dígí. Ẹ fi ìka fa ìlà sí i lára: tí ìlà náà bá hàn, ìrì ti sẹ̀. Ẹ ka tẹmómítà lójú ẹsẹ̀. Iye tí ẹ bá rí ni ìwọ̀n ìrì.

Ẹ yọ ìwọ̀n ìrì kúrò nínú ìwọ̀n ooru ìta, kí ẹ wá fi 125 sọ ohun tó ṣẹ́ kù di púpọ̀. Ohun tí ẹ rí ni iye mítà tí ìdí àwọsánmà òwú fi ga sí ilẹ̀ tí ẹ dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká ní ìta jẹ́ 29°C lọ́sàn-án oṣù kẹfà, tí agolo sì ṣú ní 23. Mẹ́fà ló ṣẹ́ kù. Mẹ́fà lọ́nà 125 jẹ́ mítà 750. Ká ní oṣù kejì ni, tí ìta jẹ́ 35, tí agolo ṣú ní 22: mẹ́tàlá lọ́nà 125, mítà 1,625. Ìlú kan náà, òrùlé kan náà, àwọsánmà sì ti sún sókè ju ìlọ́po méjì lọ.

Níbo ni 125 ti wá? Mo ti sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń gòkè ń pàdánù bíi 10°C nínú kìlómítà kan. Ìwọ̀n ìrì rẹ̀ náà ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n bíi 2 péré ni, torí pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wú ni omi inú rẹ̀ ń tàn ká. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì ń fi 8 dín kù nínú kìlómítà kan. Ẹ fi 8 pín mítà 1,000.

Ìkìlọ̀ kan: àwọsánmà tí ooru ilẹ̀ gbé dìde nìkan ni ìṣírò yìí wà fún. Kò kan àwọn ti òkè, kò sì kan èyí tí atẹ́gùn ti ibòmíràn gbé wá. Ẹ má sì ṣe é láàárọ̀ kùtùkùtù kí ilẹ̀ tó gbóná. Láti bí aago mọ́kànlá sókè ló dáa jù.

Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, ní aago mọ́kànlá àti aago mẹ́ta. Ooru ìta yóò ti lé sí i, ìwọ̀n ìrì kò ní yí padà púpọ̀, ìdí àwọsánmà yóò sì ti gòkè. Ojú lásán máa ń rí ìyàtọ̀ yìí tó bá fara balẹ̀.

Ṣé àwọsánmà máa ń kan orí Olúmọ?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé sánmà sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta. Olúmọ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Òun ló tó àwọn Ẹ̀gbá láti fara pa mọ́ sí nígbà tí wọ́n tẹ̀dó síbí ní 1830, ṣùgbọ́n kò ga tó láti kan ìdí àwọsánmà ọ̀sán. Tí ẹ bá rí i tí funfun bò ó lórí láàárọ̀, kùrukùru ni, tàbí àwọsánmà ìgbà òjò tó wálẹ̀ gan-an lóru.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn nínú àwọsánmà, kó lọ sí Ìdànrè tàbí Obudu. Òkè Ìdànrè ga tó bíi 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Orí òkè Obudu ju mítà 1,500 lọ. Ẹni tó wà nílẹ̀ yóò sọ pé àwọsánmà bo òkè. Ẹni tó wà lókè yóò sọ pé kùrukùru ni, aṣọ rẹ̀ tutù. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Lóṣù keje sí oṣù kẹjọ, kí ló dé tí sánmà fi ń wálẹ̀ bí ẹni pé yóò kan òrùlé?

Ìgbà yìí ni àwọn aláró kórìíra jù. Òjò kò rọ̀ dáadáa, oòrùn kò yọ, aṣọ á wà lórí okùn di ìrọ̀lẹ́, ìdí rẹ̀ á ṣì máa rin. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ fọwọ́ kan etí aṣọ nígbà tí mo wà ní kékeré, n ó sì padà wá sọ pé kò tíì gbẹ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lásìkò yìí, láti orí òkun ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀. Ó tutù, ó kún fún omi. Lóru, nígbà tí ooru ilẹ̀ kò sí láti dà á láàmú mọ́, ó máa ń sáré wọ inú ilẹ̀ wa lọ jìnnà. Nígbà tí ilẹ̀ yóò bá fi mọ́, ó ti tẹ́ àwọsánmà pẹrẹsẹ kan bí ẹní lórí gbogbo gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdí rẹ̀ kò sì ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ sókè. Ẹ wo ìṣírò wa: ìta 24, ìwọ̀n ìrì 22, ó di mítà 250.

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Áfíríkà kóra jọ láti wádìí àwọsánmà yìí gan-an nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní DACCIWA. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Savè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀ tiwa níbí. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, pé sánmà tó ń dá àdìrẹ ìyá mi dúró ni àwọn kan rin ìrìn-àjò wá wọ̀n.

Oòrùn ló ń tú u ká. Ó ń ràn án lórí, ó ń mú ilẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa gòkè, á sì já sí wẹ́wẹ́ ní ọ̀sán. Lọ́jọ́ mìíràn kì í túká rárá.

Ọyẹ́ ńkọ́? Ṣé àwọsánmà ni funfun tó ń bo ojú ọ̀run?

Rárá, eruku ni. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn àríwá-ìlà-oòrùn ti ń gbé e wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Atẹ́gùn náà gbẹ. Ká ní ìta jẹ́ 33°C, tí ìwọ̀n ìrì sì já sí 8: ó di mítà 3,125. Afẹ́fẹ́ tó gbéra láti ilẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀ lákòókò ọyẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọsánmà òwú fi ń ṣọ̀wọ́n. Àkókò yìí ni láfún tí wọ́n sá sórí àpáta ń gbẹ kíákíá, tí ètè náà sì ń là.

Kùrukùru àti àwọsánmà, ṣé ọ̀kan náà ni?

Ọ̀kan náà ni. Kùrukùru ni àwọsánmà tó fìdí kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní láti gun òkè kó tó tutù, ilẹ̀ ló mú un tutù lóru. Ẹni tó bá kọjá lórí afárá Láfẹ́nwá ní ìdájí yóò rí i lórí Odò Ògùn, tó ń fà lọ bí èéfín, nígbà tí òkè ìlú ti mọ́ gaara. Àwọn onímọ̀ kì í pè é ní kùrukùru àyàfi tí ojú kò bá ríran dé kìlómítà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lọ sí Èkó láàárọ̀, ẹ tan iná wálẹ̀, ẹ má tan iná gíga. Ara ẹ̀kán omi ni iná gíga yóò ti padà sí yín lójú.

Sánmà òjò gidi, èyí tó ń ṣú dẹ̀dẹ̀, ibo lòun wà?

Gbogbo ibi ló wà. Ìdí rẹ̀ lè má ju mítà 500 tàbí 1,000 lọ, kí orí rẹ̀ sì ti kọjá kìlómítà 15. Bààlúù ńlá tó ń fò ní kìlómítà 11 kì í gba orí rẹ̀ kọjá, ńṣe ló ń yà fún un.

Kí ló gbé e ga tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí aṣọ tó wà lórí okùn. Oòrùn ná ooru lórí rẹ̀ kó tó gbẹ, ooru yẹn kò sì ṣòfò: omi tó kúrò lára aṣọ ló gbé e pamọ́ lọ sókè. Nígbà tí omi náà bá padà di ẹ̀kán, yóò tú ooru náà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àwọsánmà á tún gbóná ju ti ìta rẹ̀ lọ, á tún fúyẹ́, á tún gòkè sí i, omi mìíràn á tún dì. Ó ń fi ẹrù ara rẹ̀ ṣe agbára.

Ní nǹkan bíi kìlómítà 5 lórí wa, ó dé ibi tí omi yẹ kó ti di yìnyín. Àmọ́ ẹ̀kán tó kéré gan-an kì í tètè gbà. Ó lè wà ní omi nínú òtútù tó kọjá òdo, títí dé bíi 40°C nísàlẹ̀ òdo, kí gbogbo rẹ̀ tó dì. Ibẹ̀ ni yìnyín tó ń já lulẹ̀ ti ń dàgbà, ibẹ̀ sì ni yìnyín kéékèèké ti ń kọlu ara wọn tí iná mànàmáná fi ń kó jọ. Ní bíi kìlómítà 16 tàbí 17, ó bá òrùlé pàdé: afẹ́fẹ́ tó wà lókè ibẹ̀ gbóná sí i bí a ṣe ń gòkè, tòun kò lè ta á yọ mọ́. Orí rẹ̀ á wá tẹ́ lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí agboòrùn tí a ṣí.

Ní ilẹ̀ wa, ìjì ńlá sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá sí ìwọ̀-oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti orí òkun ni omi rẹ̀ ti wá. Ẹ lè mọ bó ṣe jìnnà sí yín tó. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Àáyá mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Ẹni tó bá ti lè gbọ́ àrá ti wà níbi tí ó ti yẹ kó wọlé.

Tí ó bá jẹ́ omi, kí ló dé tí kì í já lulẹ̀?

Ó wúwo lóòótọ́. Àwọsánmà òwú tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan ní nǹkan bíi ìlàjì gíráàmù omi nínú mítà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 500, ìyẹn 10,000 àpò sìmẹ́ǹtì, irú èyí tí ọkọ̀ ń kó jáde ní Ewékorò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó wà láàyè kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan.

Omi náà kò sì sí lójú kan. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi 0.02 mìlímítà lọ, kò tó ìdajì nínípọn irun orí. Irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ kò lè já ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ láàárín àáyá kan, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè sì lágbára jù ú lọ fíìfíì. Ó gba bíi mílíọ̀nù kan irú wọn kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní mìlímítà 2 tó lè wà. Ìgbà tí wọ́n bá para pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni òjò ń rọ̀.

Àwọn tó rí bí ìyẹ́ adìyẹ tí atẹ́gùn fẹ́ ká ńkọ́?

Àwọn yẹn ni ti òkè téńté. Cirrus ni orúkọ wọn, ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí irun tó lọ́. Yìnyín ni wọ́n látòkè délẹ̀. Luke Howard, ọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń ṣe oògùn tà, ló fún wọn lórúkọ nínú ọ̀rọ̀ kan tó sọ ní 1802. Òun náà ló pe ti òwú ní cumulus, èyí tó ń pé jọ gègèrè, tó sì pe ti bí ẹní ní stratus, èyí tó tẹ́. Orúkọ wọ̀nyí ni gbogbo ayé ṣì ń lò. Tí ẹ bá rí òrùka yípo oṣù lóru, yìnyín irú àwọsánmà gíga báyìí ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wọ́.

Èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 80, ó máa ń tàn lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀. A kì í rí i ní Abẹ́òkúta. Ìlú tó sún mọ́ ìpẹ̀kun ayé ni wọ́n ti ń rí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú?

Ẹ̀rọ kan máa ń ta ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín sókè tààrà, á kan ìdí àwọsánmà, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà. Àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ ni wọ́n ń ṣírò. Fún àwọsánmà tó wà ní mítà 600, àkókò náà jẹ́ ìdá mẹ́rin péré nínú mílíọ̀nù kan àáyá. Wọ́n tún máa ń fi bàlúùnù gbé ẹ̀rọ kékeré lọ sókè, tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin títí dé bíi kìlómítà 30. Ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn atukọ̀ òfuurufú fi ń ka gíga rẹ̀, torí náà tí ẹ bá gbọ́ 2,000 lẹ́nu wọn, mítà 600 ni wọ́n ń sọ.

Ìyá mi máa ń sọ pé àwọsánmà tó bá ti wálẹ̀ ni yóò rọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá tèmi náà ń sọ ọ́, a sì ti jọ wò ó pọ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Wíwálẹ̀ nìkan kò tó. Ti oṣù kẹjọ wálẹ̀ gan-an, síbẹ̀ òjò wínníwínní ló ń mú wá tó bá mú nǹkankan wá. Orí ni kí ẹ máa wò. Tí àwọsánmà òwú bá ti ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ kí ó tó di ọ̀sán, ẹ má lọ jìnnà sí aṣọ yín. Tí orí rẹ̀ tó rí gúlegùle bí ẹ̀fọ́ kábéèjì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bí èéfín, ó ti ń di yìnyín nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, sí ọ̀nà Ọbáńtókò. Tí ibẹ̀ bá ṣú, tí ooru inú ìta dákẹ́ rọ́rọ́, tí atẹ́gùn tútù kan wá ṣàdédé gbá yín lójú, òjò ti ń rọ̀ níbìkan nítòsí: afẹ́fẹ́ tí òjò náà mú tutù ló tú jáde níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ni kí ẹ kọ́kọ́ ká.